Omi Àlùwàlá Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó ń wọ agbo ilé wa wá ń sọ: "Ẹni mímọ́ ti lọ." Wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á ní kò sí obìnrin tó mọ́ tó Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní gbogbo ìsàlẹ̀ Mápó, wọ́n á wá dórí ọ̀rọ̀ àlùwàlá rẹ̀, wọ́n á mi orí. Èmi náà á mi orí, màá ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í dùn mọ́ mi. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Ohun tí wọ́n ń yìn ín fún yẹn gan-an ló ti obìnrin náà mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa tó ń yìn ín la sì ń bá a di ilẹ̀kùn mú. N kò yọ ara mi sílẹ̀. Èmi ni mo ń pọn omi rẹ̀.

N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i tàbí iye ọmọ tó bí. Àwọn tó mọ ìyẹn wà nílé. Ohun tí èmi mọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà le, ó sì sán káàkiri bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa fa òwú aṣọ náà. Ọṣẹ dúdú ló ń sè nígbà tí okun ṣì wà lára rẹ̀, ìdí àwọn eléwé ọmọ ní Ọjà'ba ló sì ti ń tà á. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á dà á mọ́ àdín lórí iná, wọ́n á máa rò ó títí apá á fi kú. Omi eérú yẹn a sì máa jẹ ọwọ́ èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí mo bi í ní kékeré pé kí ló ṣe é lọ́wọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu.

"Ọṣẹ ni, Àṣàkẹ́," ó ní. Oríkì mi ló fi máa ń pè mí. "Iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe ní èwe, ọwọ́ kì í gbàgbé."

Mo gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó wò pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìyá yìí ti fi ọṣẹ sísè sílẹ̀, àti pé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sè é ti jinná tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àlùwàlá náà ṣe rí. Búútà kan, ìyẹn kẹ́túlù oníke tí gbogbo mùsùlùmí mọ̀, ti tó ẹnikẹ́ni láti fi wẹ ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá àti ẹsẹ̀ kó tó kírun. Ìyá Ọlọ́ṣẹ a máa lo mẹ́fà ní ọjọ́ tí nǹkan bá rọrùn. Á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, létí gọ́tà, èmi á dúró tì í pẹ̀lú omíràn tí mo ti pọn láti inú kànga. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì máa lọ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá wá kan ẹsẹ̀, á dúró, á gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè.

"Ṣé omi dé ibí?"

"Ó dé, Ìyá."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Ìyá."

"Ṣé o rí i dáadáa?"

Ìdáhùn mi kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó parí ti Àìlà, ìrun ọ̀sán, oòrùn á ti yẹ̀, kí ó sì tó kí ìrun náà tán pẹ̀lú gbogbo àtúnkí rẹ̀, ládàánì á ti máa pe Àlàásárì. Á tún dìde lọ síbi àpótí. Àárín ìpè kan sí èkejì ni ìyá mi àgbà ń gbé.

Ẹ wá wo ohun tí ilé wa sọ ọ́ dà. Wọ́n ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ kó gbàdúrà fún un. Bí ọmọ bá tó ẹni tó ń kọ́ àlùwàlá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un wá. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n yàn mí pé èmi ni kí n máa pọn omi fún un, mo sì ń yan kiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọjọ́ kan ni ebi ń pa mí, mo sì ti gbé búútà karùn-ún. Mo ní, "Ìyá, Ọlọ́run ti rí i pé ẹ ti wẹ̀ ẹ́."

Kò bínú. Ó ní, "Ọlọ́run rí i. Èmi ni mi ò rí i."

Kí ẹ má baà rò pé aláròjinlẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín ni, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé ẹlẹ́nu ẹ̀fẹ̀ ni ìyá mi. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tóóró tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ojú fèrèsé ló sì ti ń bá gbogbo ayé ṣe àwàdà. Ó mọ gbogbo ọlọ́kadà tó ń gba ibẹ̀. Ó sọ ọ̀kan nínú wọn ní Sárékú, orúkọ náà sì mọ́ ọmọkùnrin náà lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Rédíò rẹ̀ kì í kú, láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Bí mo bá ti ọjà dé, mo gbọ́dọ̀ ròyìn: ta ló ti gba ìsọ̀ ta, ta ló ń bá ta jà, ṣé wọ́n ti tún ibi tí omi ń dúró sí ṣe. Ó ń béèrè bí ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ rèé, láti ẹnu ọ̀nà wa sí ibi tó ń pàtẹ sí tẹ́lẹ̀, kò gba èèyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyá tó bí mi ló sọ fún mi bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣe fi ọjà sílẹ̀. Ó ní á jáde pẹ̀lú igbá ọṣẹ lórí, á dé ìdajì ọ̀nà, á ní òun kò mọ̀ bóyá òun pa iná ààrò. Á padà wá wò ó. Iná ti kú, eérú ti tutù. Á tún lọ, á tún padà. Àwọn oníbàárà á dúró títí, wọ́n á lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó sọ igbá kalẹ̀, ó ní ó ti rẹ òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúpẹ́ pé ìyá àwọn fẹ́ sinmi.

Ìgbà kan wà tí bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Mékà. Gbogbo ilé ń yọ̀. Ó ní òun kò lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn lọ. Ilé wa tún rí ohun tí wọ́n á fi ìyẹn ṣe: wọ́n ní ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀. Èmi tí mo wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ó kọjú sí ògiri fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò fẹ́ jẹun. Ó pa rédíò. Sárékú kọjá lójú fèrèsé, ó kí i títí, kò dáhùn. Wọ́n ní ọjọ́ orí ló dé. Nígbà tí mo bi í pé ṣé Mékà kò wù ú ni, kò yí ojú kúrò lára ògiri.

"Ó wù mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dé Ọjà'ba, báwo ló ṣe fẹ́ dé Mékà?"

Ìjà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé wọ́n bá a jà rí nínú ilé yẹn. Ìyá Sàúdà ló bá a jà, ìyàwó ilé kan tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le, omi kànga ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Ìyá Sàúdà fi àgádágodo ti ìdérí kànga. Nígbà tí mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ fún búútà kẹrin, ó yọ sí ìta, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ fojú àánú wò wá. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fẹ́ wọ àlùjánnà. Ọmọ mi ò tíì wẹ̀ láti àná. Ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo ayé ń ṣe àlùwàlá, kí ló dé tí tiyín kì í tán? Nǹkan ń ṣe yín ni?"

Ilé dàrú. Wọ́n ní ó bú ẹni Ọlọ́run. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, pè é, ó ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn kó tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀. Ìyá mi ní òun ti gbà, ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ìyá Sàúdà kí n lè tù ú nínú, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu.

"Má bú u. Nínú gbogbo ilé yìí, òun nìkan ló rí mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó yé mi ní ọdún tí mo pé mẹ́rìndínlógún.

Ọdún yẹn ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ìdí ìwé kíkọ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Màá kọ ìlà kan, màá ní kò mọ́, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, títí bébà á fi ya. Ó bọ́ sínú ìrun. Bí mo bá dé ìdìde kẹta, n kò ní mọ̀ bóyá mo ti kí ìkejì, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sínú omi. Èrò kan dé tó ń sọ fún mi pé bí mi ò bá tún apá yẹn wẹ̀, bàbá mi tó ń wakọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú kò ní padà wálé. Mo mọ̀ pé òmùgọ̀ èrò ni. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: mo mọ̀. Kì í ṣe pé orí mi yí. Mo jókòó, mo ń wo ara mi bí mo ṣe ń da omi sápá, mo ń sọ fún ara mi pé ó tó, ọwọ́ mi kò sì gbọ́. Àyà mi ń já láti òwúrọ̀ dalẹ́. N kò rí oorun sùn, ẹran gbẹ lára mi. Bí ẹ̀rù náà bá sì lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, màá máa bẹ̀rù pé kí ló dé tó lọ.

Inú ìyá mi tó bí mi ń dùn. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ pé Sìdíkà, ìyẹn èmi, ti jogún ìyá àgbà rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé ohun tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún ló fẹ́ pa òun?

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń da omi sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ́wọ́ bí mo ti máa ń ṣe. Ó gbójú sókè. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi síta, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ ibi tó sán, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

Mo sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. "Ọṣẹ ni, Ìyá."

Ó fi mí sílẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, kò parí àlùwàlá náà. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wọ aṣọ ìjáde. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi búútà kan wẹ̀. Nígbà tó fọ ẹsẹ̀ tán, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè, mo sì na búútà kejì sí i. Ó ní, "Gbé e sílẹ̀." Mo gbé e sílẹ̀. Ó kírun bẹ́ẹ̀, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú. A dúró ní ẹnu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. A jáde, ó padà lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. A tún jáde, ó tún padà. Ní ìgbà kẹta, ó fún ọwọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké, ó sì ń rìn, ojú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ka òkúta. Sárékú rí wa ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

"Ìyá, ẹ̀yin nìyí? Ṣé kò sí o?"

"Bá wa pe ọkọ̀ máíkírà," ó ní. "Kí ó má sáré bíi tìẹ."

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ló darí awakọ̀ lọ, ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn. Mo bi í ní inú mọ́tò pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní rédíò ló ti gbọ́ ọ. Ó ní dókítà kan ń ṣàlàyé lọ́jọ́ kan nípa èrò tí kì í fini sílẹ̀, tó máa ń mú kí èèyàn máa tún nǹkan ṣe, òun sì dìde lọ ti fèrèsé, nítorí ó dà bíi pé òun ni wọ́n ń wò. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin. Mo jókòó tì í, mo ń ṣírò. Ọdún mẹ́rin tó ti mọ̀, tí mo ṣì ń pọn omi.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Èmi ló kọjú sí. Ó ní ṣé mo ń sùn. Ó ní ṣé oúnjẹ ń wọnú mi, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ mi, ṣé àyà mi máa ń já láìsí ohun tó lé mi. Ó ní ṣé èrò kan wà tí mo mọ̀ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí n sinmi, ṣé nǹkan kan wà tí mo ń ṣe léraléra kí èrò náà lè fi mí sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi á ti dáhùn. "Kò sùn." "Kò dùn mọ́ ọn mọ́." "Ó wà." "Ó ń ṣe é." Dókítà sọ bírò kalẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bi ní ìbéèrè gan-an?"

"Àwa méjèèjì," ó ní. "Àìsàn mi ló ń ṣe ọmọ yìí."

Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní kì í ṣe wèrè. Ó ní àìsàn ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: ti àwọn kan, ìbànújẹ́ tí kì í lọ ni, tí wọn ò ní fẹ́ dìde, ti àwọn kan, ìpayà, ti àwọn kan sì ni èyí tó ń ṣe wá. Ó ní nígbà mìíràn a máa rìn nínú ẹbí, àti pé oògùn àti ìtọ́jú wà. Ìyá mi ní àwọn ará ilé sọ pé ẹ̀sìn ni. Dókítà ní òun náà ń kírun. "Ìjọsìn a máa fi ọkàn èèyàn balẹ̀, Ìyá. Ṣé èyí ń fi tiyín balẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀," ó ní, "kò fi í balẹ̀ rí."

Kí a tó dé ilé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa dé. Wọ́n ti gbọ́ pé ilé ìwòsàn àwọn wèrè la lọ. Mọ́gàjí pe ìpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá. Ó ní kí Ìyá sọ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tó fi lọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè kú síbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ọkọ Sàúdà ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó lóṣù tó ń bọ̀, ta ló máa fẹ́ ọmọ nílé tí wèrè wà? Bàbá mi kò lè gbójú sókè. Mo mọ̀ pé bí Ìyá bá sọ pé ẹsẹ̀ ni, tèmi tán. Màá jókòó sórí àpótí yẹn títí màá fi darúgbó, wọ́n á sì máa mú ìyàwó tuntun wá bá mi.

Ìyá mi kò dìde. Ibi tó jókòó sí ló ti sọ ọ́.

"Ẹ̀ ń pè mí ní ẹni mímọ́. Àìsàn ni. Mo mọ̀ pé àìsàn ni, mo sì dákẹ́, nítorí pé orúkọ tí ẹ fún mi dùn létí mi. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ni kò gbọ́ tèmi. Ọmọ mi ti wá ń wọlé tọ̀ mí wá báyìí. Mi ò ní sọ pé ẹsẹ̀ ni. Ìyá Sàúdà, wọ́n ní kí o kúnlẹ̀ fún mi nígbà náà. Bí eékún mi bá gbà mí ni, èmi ni ǹ bá kúnlẹ̀ fún ọ."

Àáfà mọ́ṣáláṣí wa, ọ̀dọ́ ọkùnrin kan, ló gbà á sọ. Ó ní iyèméjì tó ń lé èèyàn padà sídìí omi kì í ṣe ìjọsìn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, àgbà ni òun ń tijú láti tọ́ sọ́nà. Mọ́gàjí ṣe hùn-ùn, ó ní ó dáa, ó sì dìde lọ. Kò kí ìyá mi fún oṣù méjì. Àwọn èèyàn ọkọ Sàúdà pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n dé.

Ó máa dùn mọ́ mi kí n sọ pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. A jọ ń lo oògùn, a jọ ń lọ rí dókítà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí a wá jókòó ti ẹ̀rù náà láì dá a lóhùn, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ló wá ọ̀rọ̀ tí a ó máa sọ níbẹ̀. Ó ní, "Bí kò tó, ó tó." A jọ máa ń jókòó sórí àpótí, èmi àti òun, apá wa tutù, a ó máa sọ ọ́ fún ara wa bí àwọn ọmọ ilé kéwú. Búútà mẹ́fà di mẹ́ta. Ó di méjì. Oṣù kan á dé tó máa tún di márùn-ún. Ní àárọ̀ mìíràn, á dé Ọjà'ba, á jókòó sídìí àwọn eléwé ọmọ, á bú Sárékú, á rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ mìíràn, á dé ẹnu ọ̀nà, á yí padà. Ilẹ̀kùn náà kò ṣí tán fún un títí tó fi kú, kò sì ṣí tán fún èmi náà. Ọmọ ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oníyanrìn báyìí, ọjọ́ sì wà tí mo máa ń padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti lọ wò ó bóyá mo ti kíláàsì. Nígbà ayé rẹ̀, bí Ìyá bá rí mi tí mò ń tú báàgì mi wò ní ìgbà kẹta, á ti ojú fèrèsé bi mí pé, "Àṣàkẹ́, ta ni ọ̀gá, ìwọ ni tàbí báàgì?"

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kú, lẹ́yìn tó kí Àsùbáà. Búútà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọ̀kan ló lò lóòótọ́ tàbí ó ti kó àwọn yòókù pamọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wẹ̀ ẹ́: ìyàwó Àáfà, Ìyá Sàúdà àti èmi. A kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá fún un. Èmi ni mo da omi sí i, bí mo ti ń ṣe láti ọmọ ọdún méje, òun kò sì bi mí bóyá omi dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, a wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàwó Àáfà na ọwọ́ sí aṣọ ìnura. Ni Ìyá Sàúdà bá bú sẹ́kún.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní méje. Ẹ jọ̀ọ́. Kànga kún lónìí, omi ò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fún un lómi."

Ìyàwó Àáfà wò mí. Ó ní ó ṣeé ṣe, bí ọmọ bá fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ tó mi nínú yàrá yẹn. Èrò náà ti dé láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ pé omi kò dé ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀, pé bí a bá sin ín bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fà á. Mo wo ọwọ́ ìyá mi tó wà lórí pákó. Ibi tó sán ti jinná díẹ̀, awọ tuntun ti ń bò ó.

"Ó tó," mo ní.

"Ṣé ó mọ́ dáadáa?" Ìyá Sàúdà bi mí.

"Bí kò tó, ó tó."

A nu ara rẹ̀, a sì wé aṣọ funfun mọ́ ọn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ọkàn mi ní kí n padà lọ wo ẹ̀yìn etí òsì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò padà.